Mo Fi Ìka Alààyè Jẹ́rìí fún Òkú

Wọ́n ti dá mi lẹ́jọ́ pé kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ mi kà á lójú mi, ó sì ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn mi. Ohun tó kù kò ju kí gómìnà fọwọ́ sí ìwé, àwọn wọ́dà sì máa ń sọ fún wa pé àwọn gómìnà kì í fẹ́ fọwọ́ sí i. Ìyẹn kì í ṣe ìtùnú. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá mú òun, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa á. Bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn ńlá láàárọ̀, gbogbo àwa tí ẹjọ́ ikú wà lọ́rùn wa la máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí a ó fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ.

Ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ má retí pé kí n sọ pé ayé ló ṣe mí. Ayé kò ṣe mí. Èmi ni mo pa Bàbá Sámúẹ́lì, àgbẹ̀ ará Àjọwá, ẹni tí kò ṣẹ̀ mí rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí mo ṣe dé ibẹ̀, torí n kò jí lọ́jọ́ kan kí n sọ pé mo fẹ́ pa èèyàn.

Ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà ni mí. Tíṣà ni ìyá mi, ó kọ́ àwọn ọmọ ní A, B, D títí irun rẹ̀ fi funfun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Adájọ́, torí ó jókòó ní ilé ẹjọ́ gíga fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí n kò ríṣẹ́, ìyá mi mú mi lọ bá a. Mo ń wa mọ́tò fún un, mo ń ra oògùn rẹ̀ wá láti Ìkàrẹ́, èmi náà ni mo máa ń lọ gba owó fún un ní bánkì. Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo mọ nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀, n kò sì mú kọ́bọ̀ níbẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yangàn díẹ̀, òun nìkan ló kù tí mo lè fi yangàn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé owó ìfẹ̀yìntì Adájọ́ kì í pẹ́. Bí oṣù bá ti parí, fóònù rẹ̀ á dún pé owó ti wọlé. Ìyá mi ńkọ́? Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó ń lọ sí Àkúrẹ́, ó ń bọ̀, wọ́n ń sọ fún un pé kó ní sùúrù. Lọ́jọ́ kan tí Adájọ́ ń jẹ iṣu lọ́wọ́, mo bi í.

"Dádì, kí ló dé tí pẹ́ńṣọ̀n tiyín ń yá, tí ti Mọ́mì kò yá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àpò wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti ìyá rẹ, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ díẹ̀ sílẹ̀, ìjọba ní láti fi tirẹ̀ kún un, ìjọba kò sì tètè fi kún un. Tèmi, òfin ilẹ̀ yìí ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ lórí àpò ìjọba kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìyókù. Gómìnà kò lè sọ pé òun ń bínú sí mi kó sì mú un dúró."

"Ṣé ẹ̀yin ṣiṣẹ́ ju Mọ́mì lọ ni?"

"Rárá o." Kò bínú sí mi. "Adájọ́ tó bá ń ronú ohun tí òun yóò jẹ lọ́jọ́ ogbó, ẹni tó ń rojọ́ níwájú rẹ̀ lè rà á. Aráàlú ló ń san owó yẹn kí wọ́n má baà rà wá. Ó yẹ kí wọ́n ṣètò ti àwọn tíṣà náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ tèmi di olè."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi, àmọ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ nínú ara mi pé ìjọba ń rẹ́ ìyá mi jẹ, pé lọ́jọ́ kan èmi yóò gbà á lára wọn.

Ìgbà òjò ni Adájọ́ kú, nílé ìwòsàn kan ní Ọ̀wọ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í sáré kéde ikú àgbà tó lórúkọ. Wọn kò tíì kun ilé, ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà àdúgbò wa, àkọ́bí rẹ̀ sì wà lókè òkun, kò tíì gbàyè níbi iṣẹ́. Olórí ẹbí pè wá jọ sí pálọ̀ Adájọ́, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kò tíì kú o," ó wí. "Ó ṣì ń ṣàárẹ̀ ni. Ẹni tó bá bi yín, ẹ ní Bàbá ń sinmi."

Gbogbo wa ní, "Hẹ̀ẹ́n." Kò sí ẹni tó kà á sí irọ́ nínú wa, bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Wọ́n fi òkú rẹ̀ sí mọ́ṣúárì, wọ́n sì fi mí sílé kí n máa ṣọ́ ilé, mọ́tò àti fóònù rẹ̀.

Bí oṣù ti parí, fóònù dún.

Mo tẹjú mọ́ ọn títí iná ojú rẹ̀ fi kú. Owó ti wọlé fún ẹni tó wà nínú yìnyín. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe: kí n pe ọmọ rẹ̀ lókè òkun, kó fi tó àwọn tó ń sanwó létí. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí ti ní kò tíì kú. Ta ni èmi tí n ó tú àṣírí ẹbí? Ẹ wo irú àwáwí tí mo rí, àṣà àwọn bàbá mi ni mo fi bojú lọ jalè. Mo gbọ̀nà Ìkàrẹ́, mo gbowó náà, mo sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ìyá mi.

"Níbo lo ti rí i?" ó bi mí.

"Dádì ló ní kí n fún yín, kó tó kú."

Ó bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé títí dójú ikú kò gbàgbé òun. Mo dúró tì í, mo ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkàn mi kò já mọ́. Nígbà tó yá, bí fóònù bá pẹ́ kó tó dún, èmi ni mo máa ń bínú pé kí ló ń ṣe àwọn ìjọba yìí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá sí Ìkàrẹ́ láti rí àwọn adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lójúkojú, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka wọn sínú ẹ̀rọ, ohun tí wọn kò ṣe rí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, wọn yóò bá a nílé. Ká ní mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, olè lásán ni èmi ì bá jẹ́. Wọn ì bá fi mí sẹ́wọ̀n díẹ̀, bóyá èmi ì bá sì ti wà nílé báyìí. Ẹ̀rù ìtìjú ló bà mí, mo sì lọ sí Àjọwá.

Bàbá Sámúẹ́lì ló ń dáko lórí ilẹ̀ Adájọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ni òun àti Adájọ́, àwọn méjèèjì ga, orí àwọn méjèèjì sì pá. Èdè ìlú rẹ̀ ló ń sọ nílé; Yorùbá tó ń sọ, ti ọjà àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, kúkúrú kúkúrú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Adájọ́ ti kú. Mo ní Adájọ́ wà nílé ìwòsàn, pé bí wọn kò bá bá a nílé wọn yóò dá owó rẹ̀ dúró, pé kó kàn bá wa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Adájọ́ ló ní kí n ṣe é?"

"Òun ló rán mi, Bàbá."

"Tó bá rán ọ, mo ṣe é. Ó ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi ṣàìsàn."

Mo ránṣẹ́ pé ara Adájọ́ kò yá; ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n rán wá sílé, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ wọn, ti ìgbà tí Adájọ́ ń dé wíìgì ni. Ta ló mọ ojú adájọ́ lábẹ́ wíìgì? Obìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mílọ́ọ̀dù, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

Bàbá Sámúẹ́lì wò mí. Mo mi orí sí i. Ó dárúkọ Adájọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, torí ọkọ́ ti bó ìka rẹ̀. Obìnrin náà fi aṣọ nù ún, wọ́n tún un tẹ̀, ẹ̀rọ sì gbà á.

"Ọwọ́ yín le o, Mílọ́ọ̀dù," ó wí.

"Bàbá fẹ́ràn oko ni," mo yára dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kí wa, wọ́n lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ọmọ Adájọ́ ti fẹ́ máa wálé. Wọ́n dá ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Bàbá Sámúẹ́lì gbé iṣu wá fún aláìsàn tó rò pé ó wà nílé ìwòsàn. Olórí ẹbí ló bá lẹ́nu géètì, ìyẹn sì là á mọ́lẹ̀ fún un pé láti ìgbà òjò ni ọkùnrin náà ti fi wá sílẹ̀. Ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọ mọ́tò.

"Ìgbà òjò?"

Mo ń nu gíláàsì mọ́tò lọ.

"Ọjọ́ tí mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti kú?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Mo jẹ́ orúkọ òkú." Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni tí ejò bù jẹ. "Mo fi ìka mi sí i. Èmi ni òkú nínú ẹ̀rọ wọn."

Mo ní n ó fún un nínú owó náà. Ìyẹn gan-an ló mú un bínú.

"N kò fẹ́ owó. Mú mi lọ sí Ìkàrẹ́. Kí wọ́n yọ ìka mi. Kí wọ́n dá ìka mi padà fún mi."

"Wọn yóò mú mi, Bàbá."

"Wọn yóò mú àwa méjèèjì. A ó wí pé a ṣẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Mo gbé ọ̀kadà jáde, ó jókòó sẹ́yìn mi. Tí mo bá sọ pé mo ti pinnu nígbà yẹn, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò gba ọ̀nà tààrà. Ọ̀nà orí àpáta ni mo gbà, mo sì dá ọ̀kadà dúró níbẹ̀, mo ní kí a gbàdúrà ká tó débẹ̀. Ó gbà, torí àdúrà ni mo pè é. Ó rìn síwájú mi lórí òkúta. Mo tì í.

Kò pariwo. Àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta tà nísàlẹ̀ ló pariwo. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi, wọ́n sì pe orúkọ mi, torí wọ́n mọ̀ mí láti kékeré.

Nígbà tí ẹjọ́ ń lọ, ìyá mi ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní, àwọn ẹbí sì gbé owó rẹ̀ lọ fún adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ mi lábẹ́lẹ̀. Adájọ́ náà dá a padà, ó sì kìlọ̀ fún wa ní gbangba ilé ẹjọ́. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Inú yàrá yìí ni mo ti wá rò ó pé ká ní ebi ń lépa ọkùnrin yẹn ni, ó ṣeé ṣe kó tú mi sílẹ̀, á sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ Bàbá Sámúẹ́lì ni òun àti èmi jọ tà. Ó dára bó ṣe ṣe é. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó dára.

Lẹ́yìn ìdájọ́, ìyàwó Bàbá Sámúẹ́lì wá wò mí. Pásítọ̀ wọn tẹ̀ lé e wá láti máa túmọ̀. Ó jókòó.

"Ó ní kí n bi ọ́," ni pásítọ̀ wí, "kí ni ọkọ òun sọ kẹ́yìn?"

N kò sọ èyí nílé ẹjọ́. Mo sọ ọ́ fún un. Bí a ṣe ń rìn lórí àpáta yẹn, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Bàbá Sámúẹ́lì yíjú padà, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Rọra, ọmọ mi. O ní ìyá nílé." Ọwọ́ tó nà sí mi yẹn ni mo dì mú tí mo fi tì í.

Pásítọ̀ kò lè tètè túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó túmọ̀ rẹ̀ tán, obìnrin náà mi orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bá gbogbo ọmọ sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Àkókó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ níbi gbogbo, mo bẹ̀ yín. Wọ́n lè rẹ́ ẹ̀yin àti àwọn òbí yín jẹ lóòótọ́. Ẹ bínú, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ bá wọn fà á lójú ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ tí ọkàn yín ń sọ pé ohun tí kì í ṣe tiyín tọ́ sí yín, ẹ dìde lọ bá ìyá yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un. Ohun tí ẹnu yín kò bá lè sọ fún un, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣe é. Èmi kò sọ fún tèmi. Ní báyìí, bó bá wá wò mí, ó máa ń jókòó, èmi náà á jókòó, a ó máa wo ara wa títí wọ́dà yóò fi ní àkókò ti tó.