Wáráńtì Ọdún Mẹ́ta Ló Fi Mí Lọ́kàn Balẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ yìí, ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìnkùlé, ó pọn ọmọ mi sẹ́yìn, ó ń kọrin fún un. Bó bá kọrin díẹ̀, á dánu dúró, á bú ọmọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́, á sì tún gbé orin rẹ̀ padà. Olè ló ń pe ọmọkùnrin náà. Kì í ṣe olè. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì panu mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Màámi, ìyá ọkọ mi yìí, àti àwọn obìnrin ìjọ fẹ́ lọ ká a mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n lọ ni?

Òdòdè níbí, ní Ìdànrè, là ń gbé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Aládé. Èmi kò rílé ìwé lọ ní kékeré. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹni, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà títẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé kan nítòsí wa ní kí n wá máa bá àwọn tẹ ìbéèrè ìdánwò, bí mo bá ti ní ẹ̀rọ tèmi, ọkọ mi ta kòkó, ó ní kí n lọ ra láptọ́ọ̀pù. Ẹ̀rù bà mí! Èmi tí ọmọ mi kò lè sín lẹ́ẹ̀mejì kí n má dìde. Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, méjì ni ọmọkùnrin yẹn gbé síwájú mi. Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀, ó yára bí àṣá, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà péré ni wáráńtì rẹ̀, ìyẹn ìwé ìlérí pé bó bá bàjẹ́, wọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì jẹ́ tuntun, ó falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Ìgbà yẹn ọmọ mi á ti máa bá mi jiyàn! Ojú ẹsẹ̀ ni ara mi balẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n ka ohun tí wáráńtì yìí kò kó mọ́ra fún yín. Bó bá já bọ́, bí omi bá kàn án..."

"Bọ̀dá, ṣé ọdún mẹ́ta ni àbí ọdún mẹ́ta kọ́?"

"Ọdún mẹ́ta ni, mà."

"Ó tó. Ẹ bá mi dì í."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí yìí, ẹ ń kánjú o, ìyàwó lẹ wá gbé ni?"

Ìdílé Aládùúrà ni ìdílé ọkọ mi. Ohun tuntun kì í wọlé wa kí a má fi omi tí a gbàdúrà sí wọ́n ọn. Wọ́n fi wọ́n ọ̀kadà ọkọ mi, wọ́n fi wọ́n ẹ̀rọ ìlọta, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwa kì í pè é ní omi. Ìyè là ń pè é. Ẹ gbé ìyè wá, ẹ bu ìyè mu. Lọ́jọ́ tí ìrọbí fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ, ìyè yẹn ni Màámi ń kán sí mi lẹ́nu, kò dìde lórí eékún títí ọmọ fi ké. Nítorí náà, nígbà tó ní, "Ìyá Ìrètí, ṣí i sílẹ̀ kí ìbùkún lè wọnú rẹ̀," mo ṣí i. Ó da ìyè sọ́wọ́, ó wọ́n ọn sórí ibi tí a ti ń tẹ lẹ́tà, ó tún wọ́n ọn lẹ́ẹ̀kejì. Àyà mi já. Lọ́gán ni ọkàn mi sọ fún mi pé, kí lò ń bẹ̀rù sí? Ṣebí ọdún mẹ́ta wà nílẹ̀! Ká ní olóṣù mẹ́fà ni mo rà, ṣé mi ò ní fi etí ìró mi nù ún kíákíá? Mo dúró gbagidi, mo ń ṣe àmín.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀ láìdákẹ́, bí ọmọ tí inú ń rùn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò ilé ìwé nínú. Wọ́n gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mi. Mo gbé e padà sí Àkúrẹ́. Ọmọkùnrin náà bi mí pé, "Àǹtí, ṣé omi kàn án?" Mo wò ó lójú kòró, mo ní, "Rárá o, Ọlọ́run gbọ́." Ẹ gbà mí gbọ́, n kò mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Ìyè ló kàn án, kì í ṣe omi! Ó tú u níṣojú mi, ó fi bébà kékeré kan hàn mí nínú rẹ̀. Funfun ni bébà náà, bí omi bá kàn án ló ń pọ́n. Ó pọ́n bí osùn. "Wáráńtì kò kó omi mọ́ra, mà. Ohun tí mo fẹ́ kà fún yín lọ́jọ́sí nìyẹn." Ìgbà tí ọkọ̀ gbé mi dé ibi tí àwọn òkè wa ti yọ lókèèrè ni ó tó yé mi pé omi náà ni ìyè. Mo bú sẹ́kún láàárín àwọn èrò.

Nígbà tí mo délé, ohun tí mo lè sọ kò ju pé wọ́n kọ̀ láti tún un ṣe. Màámi fò sókè: "Kí ló wí? Ọdún mẹ́ta tó pè, ṣé ọdún eṣinṣin ni?" Ó ti ròyìn rẹ̀ káàkiri ìjọ. Àwọn tó fẹ́ lọ rajà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà ti yí padà. Mo sọ òótọ́ fún ọkọ mi ní kọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Má sọ fún Màámi o. Àdúrà ni gbogbo ayé obìnrin yẹn. Jẹ́ kí wọ́n lọ pariwo, wọn á padà wálé." Wọn á padà wálé ni tòótọ́; ọmọ ọlọ́mọ tó ń jẹun nídìí ṣọ́ọ̀bù yẹn ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí iye ọdún dí yín létí bó ṣe dí mi. Ẹ béèrè ohun tí ìlérí náà kò kó mọ́ra. Ní tèmi, mo ti pinnu. Kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, n ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá tó kúnlẹ̀ fún mi, n ó sọ fún un pé èmi ni mo gbọ́ ìkìlọ̀, èmi ni mo ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, pé ohun tó gba èmi àti ọmọ mi là kò bá ẹ̀rọ lára mu. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìyá ọkọ gbé pẹ́, ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ tètè bá mi wá a. Bí ẹ kò bá sì rí i, èyí tó bá wà lẹ́nu mi ni n ó fi lọ bá a, nítorí ọmọkùnrin yẹn kì í ṣe olè.