Àga Kékeré Tó Wà Nínú Bùútù Mi

Níkẹ́, má tíì kí mi! Má gbé omi wá, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n, jókòó síbẹ̀ yẹn kí o gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbi tí o rán mi lọ. Ṣebí ìwọ lo fi ẹ̀bẹ̀ yọ mí lẹ́nu fún oṣù mẹ́ta? "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí ibi iṣẹ́ wa ní Rumuomasi, a máa ń gbọ́ ti ẹni tí wọ́n fipá bá ṣèṣekúṣe, àgbà náà ń wá, ẹ lọ sọ tẹnu yín." Ó dáa. Mo lọ. Mo yan ọjọ́ tí ìwọ ò sí níbẹ̀, kí ojú má bàa tì mí. Mo purọ́ fún ọ̀gá mi ní báńkì pé eyín ń dùn mí, torí aago mẹ́wàá sí méjì lẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn, bí ẹni pé àgbàlagbà kì í lọ síbi iṣẹ́!

Mo wọlé. Ibinabo, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì yẹn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó wo ẹ̀gbẹ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Mummy, welcome o. Where the pikin?"

Pikin wo? Èmi náà yíjú wẹ̀yìn, mo ń bá a wá ọmọ kiri!

Ó ní kí n jókòó. Sórí kí ni? Àga rọ́bà pupa kékeré yẹn, tó lápá lọ́tùn-ún lósì! Níkẹ́, wo ìdí mi. Wò ó dáadáa. Ṣé ìdí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nìyí? Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, erin tí ẹ yà sára ògiri ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Èyí ò tíì burú. Fọ́ọ̀mù ló burú. Orúkọ, mo kọ ọ́. Ọjọ́ orí, mọ́kàndínláàádọ́ta, mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà: kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ síbí. Mo ní, "My sister, if person no get nko?" Ó ní, "Mummy, e must dey o, na rule."

Rúùlù! Ọlọ́run ń gbọ́! Níkẹ́, alágbàtọ́ mi gan-an ló ṣe é! Àbúrò bàbá mi tó gbà mí tọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ó sì ti kú, èmi ni wọ́n ní kí n ka Bíbélì níbi ìsìnkú rẹ̀, mo kà á, ohùn mi ò gbọ̀n. Ṣé kí n wá gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ibojì, kó jí fọwọ́ sí i ni? Ó dùn mí, àbúrò mi. Ó dùn mí débi pé ẹkún ò wá.

Ni mo bá dìde. Mo dìde, àga dìde tẹ̀lé mi! Má rẹ́rìn-ín. Mo ní má rẹ́rìn-ín! Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rìn dé géètì, àga há mọ́ mi nídìí, Nùrẹ́nì tó ń ṣọ́ géètì di ẹsẹ̀ àga mú, ó ń fà á, èmi ń fa ara mi, "Madam, hold body!" Bó ṣe já báyìí, mo sọ ọ́ sínú bùútù, mo wakọ̀ lọ. Ibinabo ń sá tẹ̀lé mi, "Mummy, our chair o!"

Sọ fún wọn pé mi ò dá a padà. Àfi kí wọ́n lọ bá káfíńtà ní Rumuokwuta, kó kan àga tó gba àgbà fún wọn. Kí wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ yẹn fún ẹni tó ti dàgbà. Kí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn iṣẹ́, ì báà ṣe Ọjọ́bọ̀ nìkan. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní fojú kan àga pupa yẹn mọ́ títí Jésù á fi dé!

Kí Ibinabo má sì bi mí mọ́ pé where the pikin. Èmi ni ọmọ náà. Mo mú un wá. Ọdún kejìdínlógójì rèé tó ti wà lórí ìdúró, ó fẹ́ jókòó.

Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣebí ẹ̀rín lò ń rín lẹ́ẹ̀kan, kí lo wá ń sunkún sí? Nu ojú ẹ, jàre. Dìde, lọ pe káfíńtà. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀.