Kì Í Ṣe Màmá Súnkànmí Ló Ba Ìwé Náà Jẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnu mi má baà tún kọ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò sì dà nínú mi. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá ní Agbassa, ní Warri níbí, ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi, ẹ̀yin ará àsàlátù ọjọ́ Àìkú, ohun tí ẹ gbọ́ ni pé ọwọ́ tútù Màmá Súnkànmí ló ba ìwé jẹ́ tí ọmọ wọn fi pàdánù ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ òkun. Irọ́ ni. Èmi Mutmainah ni mo pa irọ́ náà, mo sì jókòó láàárín yín nígbà tí ẹ ń gbà á gbọ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni nítorí pé tí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá, màá bọ́ sínú Píjìn ní gbólóhùn kejì, màá sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù tí èmi àti Agatha wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí báńkì. A ń tẹ̀wé, a ń ya fọ́tò, a sì ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́. Èmi náà ni mo máa ń yọ yín lẹ́nu nípa kóòdù ẹ̀ka báńkì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án tó ń sọ báńkì tí owó ń lọ àti ẹ̀ka tó ń lọ níbẹ̀. Mo máa ń ní kí ẹ má gba kóòdù lọ́wọ́ ẹni tó kàn fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ wò ó lára sọ̀wédowó, tàbí kí ẹ jẹ́ kí n pe ẹ̀ka náà kí a tó kọ ohunkóhun. Mo lẹ ìwé tí gbogbo kóòdù wà mọ́ ògiri níwájú mi. Bàbá Hàmídù tí wọ́n ń ta táyà máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé, "Bí Mutma bá ti ka nọ́ńbà yẹn sí ọ létí, máa lọ sùn." Inú mi á dùn, orí mi á wú. Ẹ wo ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Súnkànmí ni mo fẹ́ láti ìgbà tí a jọ wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Òun kò mọ̀. Mo ti ka ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ títì débi pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kún, nínú gbogbo wọn ni ọkùnrin ti máa ń gbé báàgì dé gáréèjì kí ó tó rántí ọmọbìnrin tó fi sílẹ̀, á sì sáré padà. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí. Nígbà tí Súnkànmí sọ fún mi pé wọ́n ti gba òun sí ilé-ẹ̀kọ́ atukọ̀ kan ní Èkó, pé ọdún mẹ́ta ni, pé láti ibẹ̀ ó di orí òkun, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "I happy for you." Mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìgbà tí yóò yí ọkàn padà. Èmi ń retí, òun ń lọ ra bàtà.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í gba owó orí fóònù mọ́, nítorí àwọn tó ń fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú lù wọ́n ní jìbìtì. Báńkì sí báńkì ni wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí a lu òǹtẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀ tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè di ti ẹlòmíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá Súnkànmí wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ mọ̀ wọ́n, Wúlẹ̀mọ̀tù, obìnrin Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń ta okùn àti àwọ̀n fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní ọjà Ogbe-Ijoh. Wọn kò mọ̀wé. Súnkànmí ti kọ kóòdù sórí ìwé pélébé kan fún wọn kí ó tó lọ síbi iṣẹ́ ní Port, èbúté ọkọ̀ òkun. Wọ́n tú u láti etí ìró wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, bá mi kọ ọ́ dáadáa. Ọmọ mi ni mo gbé fún ẹ yẹn." Gbogbo ọmọbìnrin ni wọ́n ń pè ní ìyàwó wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, etí tí mo fi gbọ́ ọ kì í ṣe etí rere.

Mo kọ orúkọ. Mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì. Nígbà tí mo dé ibi kóòdù, mo wo ìwé Súnkànmí, mo wo ògiri. Ẹ̀ka mìíràn ti báńkì kan náà wà lábẹ́ èyí tó yẹ kí n kọ, nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nìkan ló yàtọ̀. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ni mo kọ. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo sọ fún ara mi pé owó náà kò ní sọnù, pé yóò kàn rìn káàkiri fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó padà, àyè yóò ti lọ, Súnkànmí yóò wà ní Warri, yóò sì wá rí mi. Màmá ní kí n ka nọ́ńbà náà sí àwọn létí. Mo ka èyí tó tọ̀nà. Ẹ gbọ́ o: mo kọ èké, mo ka òótọ́, mo sì wo ojú wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, owó kò wọlé. Ó ti kúrò nínú àkáǹtì Màmá, kò sì dé ibì kankan. Báńkì tibí ní kí wọ́n lọ bi báńkì tọ̀hún. Báńkì tọ̀hún ní kí wọ́n padà lọ kọ ẹ̀sùn níbí. Wọ́n kọ ẹ̀sùn, ẹni tó gbà á ní ó di lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì sí. Súnkànmí pe ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin kan ní kí ó dúró lórí ẹ̀rọ, ó dúró títí káàdì rẹ̀ fi tán. Aago mẹ́rin lù. Màmá ń wọlé, wọ́n ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ń bi mí pé báwo ni a ó ti ṣe é, èmi sì ń fún wọn ní àga.

Ní ọjọ́ Ajé, òṣìṣẹ́ báńkì kan fi fọ́ọ̀mù han Súnkànmí pé kóòdù kò bá àkáǹtì mu. Ó pè mí pé òun ń bọ̀ wá wo ìwé tí òun kọ. Ìwé pélébé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ibi tó burú jù nìyí, mo mọ̀ pé mo ti ń yí i ká láti òkè. Mo ì bá sọ nígbà náà pé ọwọ́ mi ló ṣì í kọ, wọn ì bá bínú, wọn ì bá sì gbàgbé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo já píọ̀-wọ́tà, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi ra nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn títí yíǹkì fi di àbàwọ́n. Agatha rí mi. Ó ní, "Mutma, wetin you dey do so?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ní òun kò rí nǹkan kan, ó sì yíjú sí ìwé tó ń tẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí òmùgọ̀.

Súnkànmí àti màmá rẹ̀ jọ wọlé ni. Mo gbé ìwé náà fún un, mo ní bó ṣe rí nìyẹn nígbà tó dé ọwọ́ mi, pé ohun tí mo rò pé mo rí ni mo kọ. Súnkànmí yíjú sí màmá rẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá ọjà ni wọ́n ti wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kọ́kọ́ gbé àwọ̀n fún ọlọ́kọ̀ kan létí omi.

"Ṣé ọwọ́ yín tutù, Màámi?"

Wọ́n wo ọwọ́ wọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ pé ó tutù."

Ìyá tó bí i lọ́mọ wá kúnlẹ̀ fún un lórí símẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù wa, lójú àwọn tó wá ya fọ́tò, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó forí ji àwọn, pé àwọn kò mọ̀ọ́mọ̀. Súnkànmí kò gbé wọn dìde. Ó jáde. Èmi ni mo gbé wọn dìde, èmi ni wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó padà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò dín rárá. Súnkànmí ni kò padà sí bó ṣe wà. Ó ń já ẹrù ní Port láti àárọ̀, kò jẹ oúnjẹ màmá rẹ̀ mọ́, bí wọ́n bá kí i, á kàn mi orí. Mo ra aṣọ tuntun, mo se ìrẹsì, mo gbé e lọ bá a, ó ní kí n fún àwọn dírẹ́bà. "Mutma, abeg, I no get strength for talk." Oṣù márùn-ún gbáko. Mo dá a dúró, mi ò sì rí i. Ẹni tí mo fẹ́ ni ẹni tó fẹ́ lọ, ẹni tó ṣẹ́kù yìí, mi ò mọ̀ ọ́n, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi. Ní àsàlátù, ẹ rántí, Màmá na ọwọ́ gba ìwé orúkọ, ẹnìkan sì ní, "Ẹ kọ́kọ́ nu ọwọ́ o, Màmá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá tún wá bá wa nítorí fọ́ọ̀mù tuntun tí báńkì ní kí wọ́n kọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìró, wọ́n ní kí Agatha bá àwọn mú ìwé náà nínú báàgì, pé àwọn kì í fọwọ́ kan ìwé mọ́. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun kì í jẹ ata. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi kọ́?"

Mo ní ọwọ́ wọn kọ́.

Wọ́n jókòó, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ bá Lèmọ́mù kí ó bá mi bẹ Ọlọ́run. Wọ́n ní, "Má tíì gbé e lọ fún Ọlọ́run. Súnkànmí ni kí o kọ́kọ́ gbé e lọ bá."

Mo lọ sí Port. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, mo sì sọ pé ìfẹ́ ló fà á. Kò gbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ kó gbá mi. Ó ní, "You no tell me say you like me one day. Na my mama you carry go kneel down." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹrù sílẹ̀ láìjá tán, ó wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ogbe-Ijoh. Mi ò mọ ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kò fèsì lẹ́tà tí mo kọ láti bẹ̀ wọ́n, mo sì ti fi iṣẹ́ fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún Agatha.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ ẹnìkan, ẹ fẹnu yín sọ fún un kó kọ̀ yín. Á dùn yín, ṣùgbọ́n kò ní mú ìyá ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ pè mí kí ẹ bá mi wí, tàbí kí ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi rẹ́rìn-ín ní àsàlátù, ẹ kọ́kọ́ lọ bá Màmá Súnkànmí nídìí àwọ̀n wọn, kí ẹ bẹ̀ wọ́n. Èmi ṣì lè dúró.