Kàyé Bàbá Mi àti Iṣẹ́ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tó Pòórá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Ọba tí kò jẹ́ kí ojú tì mí. Ẹ̀yin ará, halelúyà! Èyí kéré o. Halelúyà! Ẹ ṣeun. Èmi ni Fọlákẹ́, ọmọ Bàbá Onírédíò tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Abobo Gare. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ti école, ilé ìwé wa, dé, ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn ni mo máa ń jókòó. Òórùn òjé tí wọ́n ń yọ́ kò tíì kúrò nímú mi. Bàbá mi kì í fọwọ́ kan wáyà kí wọ́n má kọ ọ́ sínú kàyé wọn, ìwé àkọsílẹ̀ tí kì í kúrò lórí tábìlì. Bí rédíò bá dáhùn, wọn á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ó ti sọ̀rọ̀. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Papa, wáyà méjì péré, odidi ojú ìwé kan!" Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní orí ló ń gbàgbé, bébà kì í gbàgbé. Háà, àárò ẹ̀rín yẹn ń sọ mí.

Nígbà tí wọ́n lọ, kàyé tí wọ́n lò gbẹ̀yìn ṣì ku ojú ìwé púpọ̀. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo ń kọ àtúnṣe tèmi náà síbẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n o, àárò ni.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ní ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Zone industrielle ní Yopougon. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dán mi wò. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà wa máa béèrè ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà àwọn tó ń bá wa tọ́jú wọn. Bó bá ṣiṣẹ́ lójú patron, ọ̀gá wa, lọ́jọ́ tó pé oṣù mẹ́ta, mo di òṣìṣẹ́ wọn. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí n máa lọ sílé ní Koumassi.

Àwọn tọ̀hún fi ìwé kan ránṣẹ́ tó to gbogbo ìbéèrè tí a lè bi wọ́n. Irinṣẹ́ kan wà tó máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí á sì fúnra rẹ̀ kọ kóòdù tí yóò máa béèrè. Mo tẹ̀ ẹ́, kóòdù tú jáde wuuru! Àmọ́ kò bá tiwa mu délẹ̀, ọjọ́ àti oṣù ń gbapò ara wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí fáìlì náà pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ tún un ṣe. Èmi olóríkunkun, mo fọwọ́ tún un ṣe níbi méje, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà mí.

Àárọ̀ ọjọ́ tó pé oṣù mẹ́ta náà gan-an, àwọn tọ̀hún fi ìbéèrè kan kún ìwé wọn. Mo ní kò le, mo tún irinṣẹ́ náà tẹ̀. Yéè! Ó kọ fáìlì náà lákọ̀tun, ó gbá gbogbo àtúnṣe mi dànù. Mi ò ní ẹ̀dà kankan. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! À quinze heures, aago mẹ́ta ọ̀sán, ni patron ń bọ̀. Mi ò rántí ẹyọ kan nínú ibi méje náà.

Mo wọ toilette, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún. Àdúrà gígùn kò wá. Mo kàn ní, "Ọlọ́run bàbá mi, má jẹ́ kí n lọ sílé lọ́wọ́ òfo." Bí mo ṣe dárúkọ bàbá mi, ẹ̀yin ará, òórùn òjé yẹn gba imú mi! Nínú toilette! Mo sáré jáde, mo tú báàgì mi. Kàyé!

Ibi méjèèje pé síbẹ̀. Mo tún wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n fáìlì tiwọn lọ́tọ̀ ni mo kọ wọ́n sí, níbi tí irinṣẹ́ yẹn kò lè dé. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Patron dé. Mo béèrè ẹrù kan. Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Ó tún dákẹ́. Ló bá dáhùn! Ọjọ́ rẹ̀, ibi tó wà, gbogbo rẹ̀ pé. Patron ní, "C'est bon, tu restes," pé ó dáa, kí n máa bá wọn ṣiṣẹ́ lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Mo ṣí kàyé, mo kọ ọ́ sábẹ́ tèmi náà pé: Ó ti sọ̀rọ̀.

Ògo ni fún Ọlọ́run tí kò gbàgbé. Màmá mi, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí bàbá mi bá tún rédíò yín ṣe rí nínú ìjọ yìí, ẹ dìde, ẹ wá bá mi jó!