Òkúta Tí Mo Ṣà fún Àbúrò Mi

Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ọkọ ọmọ mi, má tíì dìde, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́. Ìwọ ọmọ mi, jókòó tì mí. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé mo wá po òróró fún yín ni. Láti àná tí o ti pè mí pé, “Màmá, mi ò lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn mọ́, ohun tí màmá tó bí mi lò náà ni mo fẹ́ lò, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó,” oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọjọ́ náà ló pé yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ títí ó fi kú. Nínú àdúrà pàápàá mi ò sọ ọ́, nítorí ojú ń tì mí lọ́dọ̀ Ọlọ́run tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òróró ò wo màmá rẹ, àbúrò mi, sàn. Èmi ni mo ní ó wò ó sàn. Irọ́ ni, màmá rẹ sì ti ara irọ́ yẹn kú. Má sọ̀rọ̀ tíì. Tí o bá dá mi dúró, mi ò ní lè parí ẹ̀.

O kéré nígbà yẹn, o ò lè rántí gbogbo ẹ̀. Ilé ìfọṣọ wa wà nísàlẹ̀ ilé alájà kan, a ní ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì, tábìlì ìlọṣọ tó gùn láti ògiri dé ògiri, àti okùn ìsáṣọ lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo ń fọ aṣọ, àbúrò mi ló ń lọ̀ ọ́. Mi ò tíì rí ẹni tí áyọ́ọ̀nù gbọ́ràn sí lẹ́nu bíi tirẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Alọṣọ-bí-ìwé. Èmi, tí n bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ni ín á bi mí bóyá mo fi ṣe ìrọ̀rí ni. Àsìkò yẹn gan-an la gba iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá òdìkejì títì: aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìnura, aṣọ tábìlì. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì sọ ọ́ sí mi létí pé, “Màmá, ọwọ́ tó lọ èyí tí mo rí yìí ni mo fẹ́ o. Tí ọwọ́ bá yí padà, àwa náà á yí padà.” Inú mi dùn débi pé mo jó dénú ilé. Ẹ wo ohun tí mo ta àbúrò mi fún. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Tó bá ti jẹ ohun ọlọ́ràá pẹ́nrẹ́n, á ká kò sórí tábìlì ìlọṣọ, á máa làágùn. Wọ́n yàwòrán inú rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n ní òkúta ló kún inú àpò òróòro rẹ̀. Dókítà obìnrin kan ló ṣàlàyé fún wa, ó fara balẹ̀, ó ní, “Àpò kékeré ni, èèyàn lè wà láyé láìsí i. A máa yọ ọ́, ẹ máa sinmi, ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Tí a bá fi í sílẹ̀, òkúta lè lọ dí ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti máa ń burú.” Àbúrò mi gbà, wọ́n dá ọjọ́ fún un. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí o, ṣùgbọ́n ìrora yìí ti sú mi. Kí wọ́n kúkú yọ ọ́ dànù.” Mo bi í pé, “Ta ló máa wá lọṣọ?” Ẹ ò rí mi bí? Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò kí i pẹ̀lẹ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin náà ẹ lọ̀ ọ́, kí wọ́n bú yín díẹ̀.”

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò tó ń ta egbòogi inú ìgò, Ọ̀gá Àdáyébá la ń pè é. Kì í ṣe òun ló wá bá mi, èmi ni mo fẹsẹ̀ mi lọ bá a. Ó ní, “Ọ̀bẹ kẹ̀? Nítorí òkúta tí kò tó ẹ̀wà? Ẹ ní kó gbààwẹ̀, kó mu òróró ólífì pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, kó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, gbogbo ẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde.” Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ṣùgbọ́n àbúrò mi ò gbà, ó ní ohun tí dókítà sọ ti yé òun. Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ ìyá wa jáde. Òótọ́ ni pé ọsibítù ni ìyá wa kú sí, ṣùgbọ́n wọn ò fi ọ̀bẹ kàn án. Èmi mọ̀. Àbúrò mi ò mọ̀, torí ọwọ́ ni wọ́n ṣì ń gbé e nígbà yẹn. Mo ní, “Ṣé o fẹ́ bá ìyá wa lọ ni? Yàrá abẹ yẹn náà ni wọ́n gbé e wọ̀ lójú mi.” Ó bú sẹ́kún. Mo jẹ́ kó sunkún dáadáa kí n tó gbé ìgò òróró síwájú rẹ̀. Ìkà ni mí, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mìíràn fún un.

Ó mu ún, ó bì díẹ̀, ó tún mu ún. Nígbà tó di òwúrọ̀, mo gbọ́ ariwo láti ilé ìgbẹ́: “Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wá wò ó! Wọ́n ti jáde!” Nǹkan róbótó róbótó ni, àwọ̀ ewé, wọ́n léfòó lórí omi. A dì mọ́ra, à ń fò sókè bí ọmọdé. Títí di ìgbà yẹn, mo lè búra pé èmi náà gbà á gbọ́, bí ẹ bá lè gba ìbúra lẹ́nu irú mi. Ó fọ̀ wọ́n, ó kó wọn sínú ìgò kékeré kan, ó ní òun máa gbé e lọ fún dókítà wò, kóun tún bi í bóyá nǹkan kan ṣẹ́kù. Mo ní kó lọ sùn ná. Ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù ló gbé ìgò náà kalẹ̀ sí, mo sì ti ń lo áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbé ìgò kúrò níbẹ̀, mo rí i pé ohun inú ẹ̀ ti ń yọ́. Òkúta wo ló ń yọ́? Mo mú ọ̀kan, mo rà á láàárín ìka, mo bu omi sí i. Ó ń yọ̀, ó sì hó díẹ̀. Ọmọ mi, ìdí aṣọ ni mo dàgbà sí. Èèyàn lè tàn mí lórí ohun púpọ̀, kò lè tàn mí lórí ọṣẹ. Òróró tó mu ló di ọṣẹ nínú ìfun rẹ̀. Òkúta kankan ò jáde. Mo sáré lọ bá Ọ̀gá Àdáyébá, mo sọ ohun tí mo rí. Ó ní, “Màmá, ẹ má ba ìgbàgbọ́ àbúrò yín jẹ́. Ìgbàgbọ́ náà, oògùn ni.” Ó yẹ kí n bínú sí i. Dípò bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ.

Nígbà tí mo padà dé, ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ti já ẹrù aṣọ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ga tó mi. Mo mọ̀ pé tí dókítà bá rí ọṣẹ yìí, iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù wa nítorí ẹrẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mo ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, mo ń yan èyí tó kéré, tó rí róbótó. Mo fi òróró pa wọ́n lára. Mo da ọṣẹ nù, mo kó wọn sínú ìgò. Àbúrò mi jí, ó mi ìgò náà, ó ń dún, ó ní, “Ha! Wọ́n mà ti le o.” Mo ní, “Atẹ́gùn ló fẹ́ sí wọn.” Ó ní, “Àṣé ohun tí mo ń gbé kiri nínú nìyí!” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ìgò tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù rẹ títí dòní, tí o fi ń han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, òkúta ojú títì ni. Mo wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́kàn pé kó má lọ rí dókítà mọ́, pé wọn ò ní gbà, wọ́n á ṣáà fẹ́ fi ọ̀bẹ là á ni. Nígbà tí ọsibítù pe fóònù ṣọ́ọ̀bù láti rán an létí ọjọ́ rẹ̀, èmi ni mo gbé e. Mo ní ó ti rìnrìn-àjò.

Ara rẹ̀ yá fún oṣù díẹ̀, torí òkúta náà máa ń sinmi nígbà mìíràn. Ó ń lọṣọ, òtẹ́ẹ̀lì ń yìn wá. Lẹ́yìn náà ìrora padà dé. Ó ní, “Kí ló tún wá ń dùn mí, nígbà tí òkúta ti jáde?” Mo ní ọgbẹ́ inú ni, pé kì í jẹun lásìkò. Mo ra oògùn ọgbẹ́ inú fún un. Funfun ojú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ó wo dígí, ó bi mí. Mo ní gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ló ń mú un rí bẹ́ẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà mí gbọ́? Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà.

Èyí tó burú jù ló kù. Ọjọ́ tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ìwọ náà wà níbẹ̀, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ. A gbé e lọ sí ọsibítù kékeré tó súnmọ́ wa. Ẹni tó ń ya àwòrán inú ti lọ sílé, wọ́n ní ó dọ̀la. Màmá rẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń gbọ̀n. Dókítà, ọmọkùnrin kan báyìí, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Màmá, ẹ rò ó dáadáa. Ṣé wọ́n ti rí òkúta nínú àpò òróòro wọn rí? Tó bá jẹ́ òun ni, a ò ní dúró dọ̀la, a máa gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá báyìí-báyìí.” Mo ń la ẹnu lọ́wọ́ ni o na ìgò òkúta tí o gbé dání láti ilé sí i. O ní, “Dókítà, òkúta ti jáde, òun rèé!” Ó wo ìgò, ó wò mí, ó ní, “Ṣé òótọ́ ni, màmá?” Ọmọ mi, rárá ni gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ, mo rò ó pé o máa bi mí pé òkúta wo wá rèé. Mo ní, “Òótọ́ ni. Gbogbo ẹ̀ ló jáde. Ọgbẹ́ inú ló ń bá a jà.” Oògùn ọgbẹ́ inú ni wọ́n fà sí i lára títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbà tí wọ́n máa yàwòrán, òkúta ti dí ọ̀nà, àpò ti bẹ́, ìdọ̀tí ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó la ojú lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì pé aṣọ tábìlì wọn á pẹ́ díẹ̀.” Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwọ, má sunkún nítorí ìgò yẹn. Gbọ́ mi o, kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ. Ọmọdé ni ọ́, ohun tí àgbà fi sí ọ lọ́wọ́ ni o fi hàn.

Nígbà tí a sin ín tán, àwọn èèyàn ń tù mí nínú pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Mo ń mi orí. Mo gbà ọ́ tọ́, gbogbo ayé ní ẹ̀gbọ́n tòótọ́ nìyí, ìwọ sì ń pè mí ní Màmá, mo ń jẹ́ ẹ.

Mi ò ní kí o kórìíra egbòogi o. Dín ọ̀rá kù, jẹ ewébẹ̀, mu ohun tí dókítà bá ní o lè mu. Ṣùgbọ́n dókítà ti yàwòrán inú tìrẹ náà, ó ti rí òkúta, ó ti ní kí o wá. Ẹni yòówù kó máa gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí ara rẹ, kọ́kọ́ wádìí ohun tó máa jẹ nídìí ẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọkọ ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, gbé e lọ. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lónìí, mi ò lójú ẹ̀. Ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Tí o bá jí, tí ara rẹ bá le, wá bá mi, kí o bú mi bó ṣe wù ọ́, kí o ní o ò fẹ́ rí mi mọ́. Mo fẹ́ kí o wà láyé kí o máa bínú sí mi. Màmá rẹ kú láì mọ̀ pé ó yẹ kóun bínú.