Kámẹ́rà Tí Ọ̀gá Yàn

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá, mo ń dúró de ẹni tó ń tún fóònù mi ṣe ní Ìkẹjà, ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan tó ń ya fọ́tò ní Agége àti obìnrin tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn rí, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa, níwájú kámẹ́rà dígítà méjì tí kì í lo fíìmù.

Obìnrin náà ní, "Ọ̀gá, ẹ mú ńlá yìí. Òun lèmi náà ń lò. Tí wọ́n bá rí i lọ́rùn yín níbi ìkómọ, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀gá dé."

"Bọ́tìnì ara ẹ̀ ti pọ̀ jù. Kékeré yìí ni mo fẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà! Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn."

"Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Fíìmù ni mo mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi? Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!"

Bàbá ò bínú. "Nígbà tí màmá ẹ mú ẹ wá, kámẹ́rà wo ni mo kọ́kọ́ gbé fún ẹ?"

"Èyí tí kò ní fíìmù nínú."

"Ò ń gbé e kọ́rùn káàkiri Agége, ò ń tẹ̀ ẹ́, fọ́tò kankan ò jáde. Ṣé ojú tì ẹ́?"

"Ojú ò tì mí, sà. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn mi nígbà yẹn."

Wọ́n ti tún fóònù mi ṣe tán, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi kúrò níbẹ̀.

Bàbá gbé kékeré náà kọ́rùn. "Ó yá, ìwọ náà bọ́ sẹ́yìn mi."