Oògùn Kò Jẹ̀bi

Ẹ jókòó, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe aṣẹ́wó nínú ilé yìí. Jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ̀dọ̀ mi tán, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti bá a lónìí.

Èmi Àǹtí Káàdì ni aṣáájú yín lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nígbà kan rí, èmi ni mò ń gba oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì wá fún gbogbo wa, mo sì ń kan ilẹ̀kùn yín láràárọ̀ pé, "Ṣé ẹ ti lò ó?" Alágàbàgebè bíi tèmi! Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọkùnrin tí mò ń fẹ́ rí ìgò oògùn mi, ó ní ti alárùn ni, ó sì dà á sínú ṣáláńgá. Bí mo bá sọ fún nọ́ọ̀sì, yóò fún mi ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ó máa ń wá ka èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìgò kálukú wa, ojú sì tì mí. Ta ló fẹ́ kí aṣáájú pàdánù tirẹ̀? Ìgbéraga ni, n kò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Jẹ́jẹ́ tó jókòó síbí yìí ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wa. Nígbà tó lọ wẹ̀, mo wọ yàrá rẹ̀, mo da oògùn rẹ̀ sínú ìgò mi, mo sì fi fítámì tó jọ ọ́ rọ́pò. Mo ní bí nọ́ọ̀sì bá kà á tán, n ó dá a padà. N kò dá a padà. Ẹ̀rù àrùn ń bà mí, mo bá ń gbé oògùn rẹ̀ mì. Òun ń gbé fítámì mì, ó ń fi ayọ̀ sọ fún mi pé, "Àǹtí, n kò pa ọjọ́ kan jẹ o." Mo ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa."

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, òun nìkan ni wọ́n pè wọ inú yàrá. Ó jáde, ó di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, wọ́n ní kòkòrò éèdì ti wọ ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ bá mi rò ó. Ṣé ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé ni?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Bóyá o gbàgbé."

Ọmọ náà gbà mí gbọ́, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí dòní. Ẹ̀yin ní oògùn tí kò gba Jẹ́jẹ́ là kò lè gba ẹnikẹ́ni là, ẹ da tiyín nù, mo sì dákẹ́. Méjì nínú yín ti kó àrùn náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ojú wọn ni mò ń rí bí mo bá di ojú mi.

Jẹ́jẹ́, má sunkún. O kò gbàgbé rárá. Èmi ni.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má fi ìtìjú bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Yóò pa ẹlòmíràn. Mo bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ dárí jì mí báyìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba oògùn yín lọ́la. Bí ẹ bá dé tí mo bá ṣì wà láyé, kí ẹ wá bú mi.